Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Ìgbìmọ̀ Alábòójútó: Rẹ́jísítà Nìkan Kò Lè Dá Yín Láre

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ níbi gbogbo, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ.

Èsì kan ló fa lẹ́tà yìí. Àwa olùkọ́ mélòó kan àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kó ohun tó ń dùn wá jọ sínú ìwé, a sì fi ránṣẹ́ sí àwọn alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìdọ́gba takọtabo ni: bí a ṣe ń kọ́ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, bí a ṣe ń yan olórí láàrin wọn, bí a ṣe ń dáàbò bò wọ́n. Èsì tó padà wá kò kún ìdajì ojú ìwé. Wọ́n ní iye ọmọkùnrin àti iye ọmọbìnrin inú rẹ́jísítà fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, nítorí náà kò sí ìṣòro. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọjú mọ́ ìwé wọn. Àwa olùkọ́ ńkọ́? Wọ́n ní à ń kó ọ̀rọ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu. Olùkọ́ tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé náà sì gba ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ ní ọ̀sẹ̀ kan náà.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ló ti ṣẹlẹ̀, ǹ bá ti gbé e mì. Ṣùgbọ́n mo ti bá àwọn olùkọ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn sọ̀rọ̀, orin kan náà ni wọ́n ń kọ fún àwọn náà: "Ẹ lọ wo rẹ́jísítà." Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sí gbogbo yín pọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò bá bá wí nínú yín, kó má bínú.

1. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ́jísítà ọ̀hún, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ fẹ̀yìn tì.

Lóòótọ́ ni iye ń sún mọ́ra. Ní ọdún 2023, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 250 ọmọ ni kò sí nílé-ẹ̀kọ́ káàkiri ayé. Mílíọ̀nù 122 nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin, mílíọ̀nù 128 jẹ́ ọmọkùnrin. Ẹni tó bá wo èyí nìkan á ní ọ̀rọ̀ ti parí, bóyá kó tiẹ̀ ní ọmọkùnrin ló yẹ ká máa káàánú. Ṣùgbọ́n inú ìṣirò kan náà ni Afghanístàn wà, níbi tí wọn kò ti jẹ́ kí ọmọbìnrin kàwé kọjá kíláàsì kẹfà láti ọdún 2021. Àpapọ̀ gbé ìyẹn mì pátápátá. Nínú àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà láyé lónìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta tó jẹ́ obìnrin. Ìyẹn náà kò sí nínú rẹ́jísítà, torí àwọn tí wọn kò kọ orúkọ wọn síbẹ̀ rí ni.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ní ọdún 2000, àwọn ìjọba ayé pàdé ní Dakar lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Wọ́n ṣèlérí pé kó tó di 2005, ìyàtọ̀ tó wà láàrin iye ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama á ti kúrò. Wọ́n tún ṣèlérí pé kó tó di 2015, ìdọ́gba á ti wà nínú ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Ọdún 2005 dé, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò bá a. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́: ìlérí méjì ni, ọdún mẹ́wàá ló sì wà láàrin wọn. Àwọn tó jókòó kọ ọ́ mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ wọlé, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ojú ọmọ ń rí lẹ́yìn tó bá wọlé tán. Ẹ̀yin lẹ pa méjèèjì pọ̀, tí ẹ sì ń fi ọ̀kan dá wa lóhùn èkejì.

2. Ohun tí ojú ọmọ ń rí nínú kíláàsì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kò sọ̀rọ̀ lásán. Méjì nínú wọn gba àyè lọ́wọ́ olùkọ́, wọ́n jókòó sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú bébà kan tí wọ́n fa ìlà sí láàrin. Apá ọ̀tún jẹ́ ti ọmọkùnrin, apá òsì jẹ́ ti ọmọbìnrin. Bí olùkọ́ bá ti pe ọmọ kan láti dáhùn ìbéèrè, wọ́n á fa igi kan. Nígbà tí aago fi máa lù, igi apá ọ̀tún ti kún dé ìsàlẹ̀ bébà. Apá òsì kò tíì kọjá ìlà kejì. Ọmọbìnrin kan tó wà níwájú na ọwọ́ títí, ó fi ọwọ́ kejì gbé e ró ní ìgúnpá, nígbà tó yá ó gbé e sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya òdòdó sẹ́yìn ìwé rẹ̀.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn lọ́jọ́ náà, obìnrin ni. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ náà, kò sì sẹ́ni tó lè ní ó ń ṣe ojúsàájú. Nígbà tí wọ́n fi bébà náà hàn án, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ka àwọn igi náà fúnra rẹ̀, ó tún un kà. Láti ìgbà yẹn, ó ti kọ orúkọ gbogbo ọmọ sórí bébà pélébé pélébé sínú agolo kan. Ẹni tó bá fà yọ ló máa dáhùn. Owó kò wọ̀ ọ́, ìpàdé kò wọ̀ ọ́. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè tún ṣe láàrin kíláàsì kan ṣoṣo nìyẹn, òun náà sì ni ìwé èsì yín pè ní àìkọjúmọ́wé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun fún ẹni tó mọ iṣẹ́ olùkọ́ dunjú. Ní Amẹ́ríkà, Myra Sadker àti David Sadker lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa wo bí olùkọ́ ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọkùnrin ni olùkọ́ ń fún láfiyèsí jù. Bí ọmọkùnrin bá pariwo ìdáhùn láì nawọ́, olùkọ́ á gbọ́ tirẹ̀. Bí ọmọbìnrin bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kó nawọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Àwọn olùkọ́ náà kò mọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà le sí nìyẹn: kò sí ẹni burúkú kan tí a lè nàka sí, nítorí náà àfi ká máa kà á.

Ẹ wọ inú láàbù náà kí ẹ wò ó. Ọmọkùnrin ló di ohun èlò mú, ọmọbìnrin ló ń kọ èsì sílẹ̀, torí wọ́n ní ìkọ̀wé ọmọbìnrin máa ń dára. Tí ìdánwò bá dé, ẹni tí kò fọwọ́ kan ohun èlò rí ni wọ́n á ní kò lọ́wọ́ sí sáyẹ́ǹsì. Ti olórí akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ọmọkùnrin ni olórí, ọmọbìnrin ni igbákejì, lọ́dọọdún. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá léèrè inú òfin wo ló ti rí i. Ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ta ló ń gbálẹ̀ kíláàsì, ta ló ń gbé àga? Ẹ mọ ìdáhùn.

3. Ìwé àti pápá eré.

Ní ọdún 1983, olùwádìí kan tó ń jẹ́ David Wade Chambers gbé èsì iṣẹ́ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn ọmọdé ya àwòrán onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ó parí. Ọmọ 4,807 ló yà á. Àwòrán 28 péré ló jẹ́ ti obìnrin, ọmọbìnrin ló sì ya gbogbo méjìdínlọ́gbọ̀n. Nínú gbogbo ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó wá sí lọ́kàn pé obìnrin lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó tún irú ìdánwò yìí ṣe ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà rí i pé àwòrán obìnrin ti ń pọ̀ sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Bí ohun tí ọmọ ń rí bá yí padà, ohun tó ń rò náà á yí padà. Kí ló wá dé tí ìwé tí à ń lò ṣì ń fi bàbá hàn nídìí ẹ̀rọ, tó sì ń fi ìyá hàn nídìí ààrò láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn?

Àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 1979 láti fòpin sí yíya obìnrin sọ́tọ̀ sọ ọ́ kedere ní abala kẹwàá: kí wọ́n tún ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àti ètò ẹ̀kọ́ yẹ̀ wò, kí èrò pé iṣẹ́ báyìí ni ti akọ, báyìí ni ti abo lè kúrò níbẹ̀, kí ọmọbìnrin ní àǹfààní kan náà nínú eré ìdárayá, kí iye ọmọbìnrin tó ń fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ dínkù. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè ló ti gba àdéhùn yìí wọlé. Ohun tí ìjọba ti fọwọ́ sí ni à ń bi yín, kì í ṣe ohun tí àwa hùmọ̀.

Ní ti eré ìdárayá, ẹ máa ń sọ pé àwọn ọmọbìnrin kò nífẹ̀ẹ́ sí i. Kí Amẹ́ríkà tó ṣe òfin Title IX ní 1972, èyí tó ní ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọ́dọ̀ ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí akọ tàbí abo, àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe eré ìdárayá fún ilé-ẹ̀kọ́ girama kò tó ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn 300,000. Lónìí wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Ṣé ìfẹ́ eré ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ni, àbí pápá ló ṣí sílẹ̀?

4. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

N kò ní fi èyí gùn. Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin wa kò ní ìkọ́. Bí ọ̀kan bá fẹ́ wọlé, òmíràn á bá a di ilẹ̀kùn mú láti ìta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì tì í nísàlẹ̀ kó má baà ṣí. Ọmọ méjì ló ń pàdánù ẹ̀kọ́ nítorí ìkọ́ ilẹ̀kùn kan. Ní ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá dé, ọ̀pọ̀ wọn á kúkú jókòó sílé. Skọ́tlándì ṣòfin ní 2021 pé kí páàdì àti irú rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá nílò rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ sì wà lára ibi tó gbọ́dọ̀ wà. A kò tíì bèèrè tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ìkọ́ ilẹ̀kùn, omi, àti ibi tí wọ́n lè ju páàdì sí ni a bèèrè.

5. Oyún, àti ọwọ́ tó ń pa ọmọ lára.

Bí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin bá lóyún, ó ti di aláìsí lójú ilé-ẹ̀kọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́kùnrin ló fún un lóyún, ó wà níbi ìjókòó rẹ̀, ó ń kàwé lọ. Mo ti gbọ́ ọ rí pé bí wọ́n bá jẹ́ kó padà, á ba àwọn yòókù jẹ́. Sierra Leone fi èyí ṣòfin ní 2015, wọ́n ní kí aláboyún má wọ kíláàsì. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 pé òfin náà kò tọ́, ìjọba sì fà á ya ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Tànsáníà náà ṣí ilẹ̀kùn padà fún àwọn ọmọbìnrin tó ti bímọ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Àwọn tó fìdí òfin náà múlẹ̀ ti yí ọkàn padà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní òfin kankan nípa rẹ̀ ló ṣì ń lé ọmọ.

Tó bá wá jẹ́ pé olùkọ́ ló ń fọwọ́ pa ọmọ lára, tàbí tó ń fi máàkì dẹ ẹ́, kí ni ìlànà yín? Mo wá a nínú ìwé òfin ilé-ẹ̀kọ́ wa. Gígùn síkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, a sì ní rúlà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Irun wà níbẹ̀. Àwọ̀ ìbọ̀sẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ìlà kan ṣoṣo nípa àgbàlagbà tó bá yọ ọmọ lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, làpálàpá lẹ ń pa. Bí ẹjọ́ bá sì dé, ẹ ó ní ká bo àṣírí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ ó gbé olùkọ́ náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, níbi tí àwọn ọmọ kò ti gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

6. Àwọn ọmọkùnrin ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹ ó bèèrè, torí ohun tí ẹ máa ń sọ nìyẹn: pé àwọn ọmọbìnrin nìkan la ń jà fún. Ó yẹ kí ẹ ka ìwé wa dé ìparí. Láti ọdún 2000 tí PISA, ìdánwò kan tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ń ṣe, ti ń wọn ìmọ̀ àwọn ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn ọmọbìnrin ló ń ṣíwájú nínú ìwé kíkà ní fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìyẹn túmọ̀ sí pé àwọn ọmọkùnrin ń rẹ̀yìn nínú ohun tí ẹ̀kọ́ yòókù dúró lé, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè. Bí ọmọkùnrin bá ń ka ìwé ìtàn lákòókò ìsinmi, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi í ṣe yẹ̀yẹ́, olùkọ́ á sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ọmọkùnrin ni pàṣán máa ń bá jù. Tó bá sunkún, wọ́n á bi í bóyá obìnrin ni. Ẹnu kan náà tó sọ fún ọmọbìnrin pé kó má fọwọ́ kan ohun èlò láàbù ló sọ fún ọmọkùnrin pé ẹkún kò tọ́ sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́kùnrin tó fọwọ́ sí ìwé wa mọ èyí. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ ìpínrọ̀ náà fúnra rẹ̀.

7. Ohun tó dùn wá jù.

Gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ ṣeé tún ṣe. Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn ni ohun tí ẹ ń ṣe sí ẹni tó bá lanu sọ ọ́.

Ní ọdún 1848, Savitribai Phule àti ọkọ rẹ̀ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Pune ní Íńdíà. Ìtàn sọ pé bó bá ń lọ kọ́ àwọn ọmọ, àwọn èèyàn á máa ju ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù lù ú, débi pé ó máa ń mú aṣọ mìíràn dání kó lè pààrọ̀ rẹ̀ tó bá débẹ̀. Ní Pakístàn, Ziauddin Yousafzai jẹ́ olùkọ́ tó ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ Malala sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Wọ́n yìnbọn fún Malala nínú ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012 nítorí pé ó ní kí àwọn ọmọbìnrin máa kàwé. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Olùkọ́ kan àti akẹ́kọ̀ọ́ kan ni wọ́n.

Ọ̀pọ̀ yín ti lẹ àwòrán Malala mọ́ ògiri ilé-ẹ̀kọ́ yín. Ẹ máa ń dárúkọ rẹ̀ níbi àpéjọ òwúrọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níwájú yín, tó di bébà tí kò ju igi lásán lọ dání, òun ni ẹ ní kó lọ kọjú mọ́ ìwé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àgbà nìkan lẹ gbà láyè ní tiyín. Láàrin àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láyé, obìnrin ló pọ̀ jù, síbẹ̀ bí ipò bá ṣe ń ga sí i ni iye wọn ń dínkù. Bóyá ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé àwọn tó jókòó ka ìwé wa lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ní kò sí ìṣòro, kò sí ẹyọ obìnrin kan láàrin wọn.

Ohun tí a ń bèèrè nìyí:

Ẹ fa ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ náà ya, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní jìyà nítorí pé ó mú irú ọ̀rọ̀ yìí wá. Èyí ló ṣíwájú.

Ẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀, ọmọkùnrin kan, ọmọbìnrin kan, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn yàn fúnra wọn. Kí ìbò wọn ní iye.

Ẹ jẹ́ ká máa ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì ní sáà kọ̀ọ̀kan: ta ni wọ́n ń pè, ta ló ń di ohun èlò mú, ta ni wọ́n ń nà, ta ló ń di olórí. Kí èsì rẹ̀ wà lára ògiri níbi tí òbí lè kà á.

Ẹ yan ẹni méjì, ó kéré tán kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, tí ọmọ lè fẹjọ́ sùn láì gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kọjá. Olùkọ́ tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn kó dúró sílé títí ìwádìí á fi parí, kí ẹjọ́ rẹ̀ sì bá a lọ síbikíbi tó bá lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lóyún, ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé àyè rẹ̀ wà.

Ìkọ́ ilẹ̀kùn kò nílò ìpàdé. Ẹ ṣe é lọ́la.

A ń retí èsì ní kíkọ, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kí sáà yìí tó parí. Bí kò bá dé, a ó mú ìwé kan náà tọ àwọn òbí lọ ní ìpàdé wọn, a ó sì ka èsì ìdajì ojú ìwé yẹn sí wọn létí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìṣirò kan, lórúkọ àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ sí ìwé àkọ́kọ́